Ẹ Ti Ilẹ̀kùn Kí Ẹ Tó Sọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Àṣírí àti Ẹnu Ẹni Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọdún kọkànlá rèé. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí tábìlì yìí á mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ orí fóònù ń gbà kó èèyàn sí wàhálà. Àwọn kan sọ̀rọ̀ síta, ọlọ́pàá wá gbé wọn. Àwọn kan ò sọ nǹkan kan, ẹlòmíì ló wọ inú fóònù wọn, tó ń fi ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀tọ̀ ni ti ìṣáájú, ọ̀tọ̀ ni ti ìkejì. Lójú tèmi, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ èyí tipẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ní ilédì, ilé ìpàdé àwọn Òṣùgbó, ilédì ló ń sùn. Kì í ṣe pé wọ́n ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ o. Wọ́n fẹ́ kí oníkálukú lè sọ tinú rẹ̀ láìwẹ̀yìn ni. Bí mo ṣe to àwọn ìgbésẹ̀ yìí náà nìyẹn: ilẹ̀kùn la ó kọ́kọ́ tì, ọ̀rọ̀ la ó sọ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà la ó wá sọ ohun tí ẹ máa ṣe bí ẹnì kan bá dé tó ń kan ilẹ̀kùn.

1. Nọ́mbà mẹ́fà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ta gàrí ní Òkè-Àjẹ wọlé tọ̀ mí wá, ó ń mí hẹlẹ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Kí ló dé?"

"Ọmọ mi, wọ́n ní mo ń tọrọ owó. Èmi! Èmi tí mi ò tọrọ iyọ̀ rí lọ́wọ́ aládùúgbò!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nọ́mbà akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: "Màmá, nọ́mbà mẹ́fà kan ṣèèṣì wọlé sórí fóònù yín, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ padà." Àwọn olè ti gba WhatsApp akọ̀wé náà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ màmá. Màmá fi nọ́mbà ránṣẹ́. Kó tó wọn gàrí fún oníbàárà tó wà níwájú rẹ̀ tán, WhatsApp rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn sì ti gba ọ̀rọ̀ pé kó tètè fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan.

Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má sunkún, ẹ má sì pa síìmù. Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ tún nọ́mbà yín tẹ̀ wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró de nọ́mbà mẹ́fà tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sórí síìmù yín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni olè náà á já kúrò. Bó bá ti fi píìnì tirẹ̀ sí i, ẹ lè ní láti dúró fún ọjọ́ méje kí ẹ tó wọlé, ṣùgbọ́n òun náà ti wà níta. Láàárín àkókò yẹn, ẹ pe àwọn èèyàn yín lórí ìpè gidi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn yín.

Kó má baà ṣẹlẹ̀ rárá ló dára jù. Ẹ tẹ Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ wá yan píìnì oní-nọ́mbà mẹ́fà tiyín. Ọdún ìbí yín kọ́, 123456 kọ́. Pẹ̀lú píìnì yìí, bí ẹnì kan bá tiẹ̀ rí nọ́mbà tó wá sórí síìmù gbà lọ́wọ́ yín, kò lè wọlé. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo Linked devices. Bí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ẹ kò mọ̀ níbẹ̀, ẹnì kan ló ń ka ọ̀rọ̀ yín bí ẹ ti ń kọ ọ́. Ẹ yọ ọ́. Ọkọ àti ìyàwó mélòó kan ti jà níwájú tábìlì mi nítorí ibẹ̀ yẹn, mi ò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀.

2. Síìmù

Èyí ò gùn. Nínú Settings fóònù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SIM lock sí, kí ẹ fi píìnì sí síìmù fúnra rẹ̀. Ìdí ni pé olè tó bá jí fóònù tó ti pa, síìmù ló máa yọ sínú fóònù mìíràn, kó fi gba nọ́mbà báńkì. Ẹ ṣọ́ra o: bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó máa béèrè PUK, iléeṣẹ́ tó ni síìmù ló ní in. Ẹ wo páálí síìmù yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

3. Áàpù ayánilówó tó ń ka orúkọ àwọn èèyàn yín

Ẹni tó bá yáwó lórí fóònù rí mọ ohun tí mò ń sọ. Owó ò tíì pé ọjọ́ kan tó kọjá àsìkò, ni wọ́n ti kọ̀wé sí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, sí àna yín, sí ìmáàmù, pé olè lẹ jẹ́, wọ́n sì fi fọ́tò yín sí i. Báwo ni wọ́n ṣe mọ àna yín? Ẹ̀yin lẹ tẹ Allow nígbà tí áàpù béèrè bóyá òun lè ka Contacts.

Láti ọdún 2023 ni Google ti sọ pé áàpù ayánilówó tó wà lórí Play Store kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Contacts àti fọ́tò oníbàárà mọ́. Nítorí náà, èyí tó bá ṣì ń béèrè, tàbí tí wọ́n ní kí ẹ gbà láti ojú líǹkì kan, ẹ sá fún un. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Apps, ẹ wo Permissions áàpù kọ̀ọ̀kan. Kí ni tọ́ọ̀ṣì ń fi Contacts ṣe? Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti dójú tì yín tán, ẹ má kàn panu mọ́. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni wà ní Nàìjíríà, ọdún 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí i, àjọ tó ń bójú tó o sì ni NDPC. Ẹ lè fi ẹjọ́ sùn níbẹ̀. FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà náà ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹnu lásán: ní 2021, kí òfin yìí tiẹ̀ tó dé, NITDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu mílíọ̀nù 10 náírà lé iléeṣẹ́ ayánilówó kan lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù tí ọ̀rọ̀ èébú náà wà, kí ọjọ́ àti nọ́mbà hàn dáadáa, kí ẹ tó pa á rẹ́. Gbèsè ṣì jẹ́ gbèsè o, ẹ san án. Àmọ́ jíjẹ gbèsè ò sọ èèyàn di ẹni tí wọ́n ń fi fọ́tò rẹ̀ ṣe pátákó.

4. Nígbà tí ẹ bá ń gbé fóònù fún èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi

Mo gbọ́dọ̀ fi ara mi sùn níbí. Ìwé ìkọ̀wé kan wà lórí tábìlì mi nígbà kan, ewé rẹ̀ ti pọ́n. Inú rẹ̀ ni mo ń kọ píìnì àwọn oníbàárà sí kí n lè dán fóònù wò: orúkọ, irú fóònù, píìnì, ká sáà tò ó lọ. Lọ́jọ́ kan mo rí ọmọ kan tó wá ra ṣájà tó ń ṣí i, tó ń kà á bí ìwé ìtàn. Ara mi bù máṣọ. Mo dáná sun ìwé náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, ẹ yọ síìmù àti mẹ́mórì kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú fóònù ló fọ́ tàbí bátìrì ló kú, ẹni tó ń tún un ṣe kò nílò píìnì yín láti ṣiṣẹ́; ẹ dúró tì í, kí ẹ fúnra yín ṣí i nígbà tó bá fẹ́ dán an wò. Àwọn Samsung tuntun ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Maintenance mode, tó máa ń fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ yín pamọ́ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ tan án. Ọ̀gá tó bá bínú pé ẹ tan án, ẹ gbé fóònù yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

5. Gúrúùpù kì í ṣe ilédì

Láti 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láti orí fóònù kan dé òmíràn, débi pé iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ò lè ka ohun tí ẹ kọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ẹ sọ ọ́, àti pé ẹ̀dà tó ń pamọ́ sórí Google kò ní kọ́kọ́rọ́ àfi bí ẹ bá fi sí i fúnra yín, lábẹ́ Chat backup. Àbùkù tó tóbi jù sì ni èèyàn. Gúrúùpù ẹgbẹ́ tó ní igba èèyàn, Ojúde Ọba ni, gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló ń kọjá níbẹ̀. Ohun tí ẹ kò lè kígbe rẹ̀ níwájú ààfin, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀.

Mo tún fẹ́ sọ ti fọ́tò, nítorí mo ti mẹ́nu ba Ojúde Ọba. Ní 2024, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin yí gbogbo ayé po, inú wa dùn. Òun gbádùn ẹ̀, ó sì yẹ ẹ́. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù iléèwé rẹ̀ ò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé òun sórí Facebook, kí gbogbo ayé mọ orúkọ iléèwé òun àti aago tí òun ń jáde. Ẹ pa Location nínú kámẹ́rà. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e.

6. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ sọ èyí tó ní ìwé lẹ́yìn

Abala 39 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa fún yín ní ẹ̀tọ́ láti ní èrò, kí ẹ sì sọ ọ́ jáde. Abala 37 ló ń ṣọ́ ilé yín, lẹ́tà yín àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù yín. Ẹ̀tọ́ yìí ò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkẹ́nnẹ́ tó wà nítòsí wa níbí ni Tai Solarin ti wá, ẹni tí ìjọba ológun tì mọ́lé ní 1984 nítorí kò dákẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi òfin ológun tí wọ́n ń pè ní Decree 4 rán Tunde Thompson àti Nduka Irabor, àwọn akọ̀ròyìn, lẹ́wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ìlú ò sí lọ́wọ́ ológun mọ́, síbẹ̀ ẹ mọ ibi tí ẹ̀gún wà. Abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ni wọ́n fi ń gbé ọ̀pọ̀ tó bá kọ̀wé nípa ẹni ńlá: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́ta, tàbí owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kó ṣáà ti bí ẹnì kan nínú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá a pé abala náà tako ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ní 2024 wọ́n tún un ṣe: ó kù sí àwòrán ìhòòhò, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, tí ẹ fi ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu. Ẹ rántí "tí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni." Ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ sì wà lọ́tọ̀, òun náà ò kú.

Ẹ jẹ́ ká wá kọ ọ̀kan pọ̀. Ká ní àdúgbò yín dá owó tíránsífọ́mà, ogójì ilé, ₦15,000 ní ilé kọ̀ọ̀kan, tí ẹ kò sì rí tíránsífọ́mà. Bí inú ṣe ń bí yín, èyí lẹ máa fẹ́ kọ:

"Alága wa olè ni! Ó ti fi owó wa kọ́lé!"

Ṣé ẹ rí i níbi tó ti ń kó owó? Ṣé ẹ ní ìwé ilé náà? Ẹ pa á rẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Ní oṣù kẹta, ogójì ilé ní àdúgbò wa san ₦15,000 kọ̀ọ̀kan fún tíránsífọ́mà. ₦600,000 ni àpapọ̀ rẹ̀. Rìsíìtì tèmi rèé. Òní ni oṣù keje, a ò rí tíránsífọ́mà, a ò sì gbọ́ àlàyé. Alága, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni owó wà?"

Ẹ wò ó: òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, ìwé wà, ìbéèrè ló fi parí. Ó tún dun alága ju èébú lọ. Èébú á jẹ́ kó rí ọ̀nà sá. Ìbéèrè oníṣírò ò ní í jẹ́ kó lè sùn. Ẹ bo nọ́mbà àkáǹtì àti orúkọ àwọn aládùúgbò tó wà lórí rìsíìtì kí ẹ tó gbé e. Ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ kó wà níbòmíràn pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ owó ìjọba ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé. Òfin 2011 tó fún ará ìlú láǹfààní láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba fún wọn ní ọjọ́ méje láti dá yín lóhùn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ pé kò kan àwọn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó kan gbogbo ìjọba. Kò dìgbà tí ẹ bá sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Ẹ kọ lẹ́tà sí káńsù, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín. Bí wọn ò bá dáhùn, àìdáhùn yẹn gan-an ti di ọ̀rọ̀ tó ní ìwé lẹ́yìn.

Ẹ má sì kó gbogbo àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yín sí ibì kan ṣoṣo. Nígbà tí ìjọba ti Twitter pa ní oṣù kẹfà 2021, oṣù kìíní 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Oṣù méje! Ẹ kọ nọ́mbà àwọn èèyàn yín síbòmíràn.

7. Lójú ọ̀nà

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè mọ ibí yìí jù mí lọ. Ọkọ̀ dúró, wọ́n ní kí ẹ bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní "gbé fóònù ẹ wá." Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ mọ èyí: bí ẹ bá pa fóònù tí ẹ sì tún tan án, ìka ọwọ́ tàbí ojú ò lè ṣí i, píìnì nìkan ló lè ṣí i. Nítorí náà, bí ẹ bá ń sún mọ́ wọn, ẹ pa á. Ìka ọwọ́ yín, ẹlòmíì lè fà á lé e. Píìnì wà nínú orí yín.

Òfin ò fún ẹnikẹ́ni láyè láti máa ka fóònù èèyàn lójú títì lásán. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 yẹn kan náà, ní abala 45, ní kí wọ́n lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ̀sùn mi? Ṣé ìwé àṣẹ wà?" Ẹ má pariwo, ẹ má já nǹkan gbà.

Ṣùgbọ́n ìbọn kì í ka ìwé òfin. Bó bá jẹ́ òru, tí ibẹ̀ dá, tí ẹni tó dúró níwájú yín ti mutí, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ gbé ẹ̀mí yín relé. Ẹ fi ojú mú orúkọ tó wà láyà rẹ̀ àti nọ́mbà ọkọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ kó tó kúrò lórí yín. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn nípa ọlọ́pàá, tí wọ́n ń pè ní CRU, tàbí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC.

8. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá sí téṣàn

Ẹ má dá lọ. Ẹ sọ fún èèyàn méjì ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì pe lọ́yà. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ní ẹ̀ka ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù. Ẹni tí kò ní owó lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council. Bó bá jẹ́ nítorí ohun tí ẹ kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń gbèjà irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ni kí ẹ há sórí. Ẹ lè dákẹ́ títí lọ́yà yín á fi dé. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀ fún yín ní èdè tó yé yín, ìyẹn pé ẹ lè béèrè rẹ̀ ní Yorùbá. Bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé yín débẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó wà ní Ṣàgámù. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ mú ìyá yín tàbí àbúrò yín dípò yín. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé tí ẹ kò kà, ẹ má buwọ́ lù ú.

Nọ́mbà lọ́yà yìí, ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kó wà nínú pọ́ọ̀sì. Fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Mo ti bi oníbàárà mi tó pọ̀ léèrè pé nọ́mbà ta ni wọ́n mọ̀ lórí. Ọ̀pọ̀ ò mọ ti ọkọ tàbí ìyàwó wọn.

9. Ẹ ṣe é fún àwọn àgbà náà

Ẹ má wulẹ̀ ka èyí tán kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí màmá. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí àwọn fúnra wọn tẹ̀ ẹ́.

Ìyá onígàrí yẹn padà wá ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí ọjọ́ méje pé. WhatsApp rẹ̀ wọlé. Mo ní kó yan píìnì. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé ìka sókè, ó sì dúró.

"Mà, ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Kọ́kọ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná."